Fíìmù lórí ṣọ́jà Bọ́mà tí wọ́n fi pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án: ẹ bá wa dá sí i

Adéeré

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. A fẹ́ ṣe fíìmù ìtàn ìgbésí ayé Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà: ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942, lásìkò ogun Hitler. Wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, ó bá Dífíṣọ̀n 81, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dé Íńdíà ní 1943, láti ibẹ̀ wọ́n wọ Bọ́mà. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, òmíràn bá a níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ẹ̀mí wọn dúró nínú igbó náà. Àwọn ará abúlé ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman, gbà wọ́n sínú ilé ara rẹ̀ títí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Fadoyebo padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dolóògbé ní 2012.

Owó ọwọ́ wa lè gbé ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ ní lókéṣọ̀n, ní Nàìjíríà níbí. Níbo ni kí owó náà wọlé sí jù? Níbo ni irú fíìmù yìí sì ti sábà máa ń dàrú?

BàbáSìkíríìpù

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́. Ìkọlù etí odò yẹn, àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ìfarapamọ́ gba oṣù mẹ́sàn-án. Fíìmù tó bá fi ìdajì owó rẹ̀ ra bọ́ǹbù àti èéfín ti sọ fún òǹwòran pé ìtàn ogun ni wọ́n wá wò, bẹ́ẹ̀ ìtàn ọkùnrin méjì tó dùbúlẹ̀ àti ẹni tó ń gbé ìrẹsì wá fún wọn ni.

Ìwé eré ojú ewé 105 ló máa gbé fíìmù ìṣẹ́jú 105. Pípín rẹ̀ lójú tèmi: ojú ewé 12 fún Emùré àti ọjọ́ tó gba iṣẹ́ ṣọ́jà, 10 fún ọkọ̀ òkun, Íńdíà àti ìrìn ẹsẹ̀, 6 péré fún ìkọlù, 60 fún igbó àti ilé Shuyiman, 17 fún ìpadàbọ̀.

Inú 60 yẹn ni iṣẹ́ wà. Ìdúró kì í ní ìṣẹ̀lẹ̀ púpọ̀, nítorí náà òǹkọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀: ejò, àlá, ìfẹ́ pẹ̀lú ọmọbìnrin abúlé. Ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àkókò kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ta ló máa fún wọn lómi? Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ṣé ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá yìí ò ní lọ ta wọ́n fún Japan? Ìgbà òjò: ibo ni ẹni tí kò lè dìde máa sá sí? Nígbà tí wọ́n bá wọlé Shuyiman, ìbéèrè á kúrò lọ́dọ̀ wọn, á di ti onílé: bí ọmọ ogun Japan bá tú ilé, kí ni ìyàwó rẹ̀ máa sọ? Oṣù tó kẹ́yìn: ṣé ẹnikẹ́ni ṣì rántí pé àwọn wà láyé?

Ẹ má sọ Kargbo di ọmọ ẹ̀yìn ẹni tí fíìmù ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni méjì ni wọ́n, ẹ̀rù wọn ò dọ́gba, sùúrù wọn ò sì dọ́gba. Ẹ má sì sọ Shuyiman di málàíkà. Ẹ fi ìkòkò ìrẹsì ilé rẹ̀ hàn wá kí wọ́n tó bu tàwọn àlejò, ẹ tún fi hàn wá lẹ́yìn tí wọ́n bù ú tán. Ọwọ́ ìyàwó tó ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò máa sọ ohun tí ojú ewé mẹ́ta ò lè sọ.

Lọ́yàÌjẹ̀bú

Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ kámẹ́rà, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ìwé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé, kò sẹ́ni tó ni ín: ọdún, orúkọ odò, ọjọ́ ìkọlù. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́ nínú ìwé tirẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ ẹnu tó kọ sílẹ̀, bí ó ṣe to ìtàn náà, ìyẹn ní olúwa rẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ ìwé ń wà títí ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. 2012 ló kú, èyí túmọ̀ sí ìparí 2082. Ẹ ò lè sọ pé ìtàn àtijọ́ ni.

Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ máa gbà. Àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà, ó sì lè jẹ́ ilé ìtẹ̀wé, ó lè jẹ́ àwọn ajogún. Ẹ bi àwọn méjèèjì. Èkejì ni ti ẹbí, fún orúkọ, fọ́tò, lẹ́tà àti ìtàn tí wọ́n bá sọ fún yín lẹ́nu. Ohun tó ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ jù ni kí ọmọ kan buwọ́lùwé, kí àbúrò rẹ̀ wá rí àfihàn fíìmù lórí fóònù kó sọ pé òun ò mọ̀ sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ta ni kóòtù fún ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé. Bí kò bá sí, kí gbogbo ọmọ tó wà láyé buwọ́lù ú, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀.

Ẹ má san owó tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gba ìwé ìdúró (èyí tí wọ́n fi ń gbà pé àwọn ò ní fún ẹlòmíràn ní ìtàn náà) fún oṣù 18, pẹ̀lú àyè láti fi oṣù 18 mìíràn kún un. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí ni wọ́n sábà ń san fún ìdúró yẹn, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú àpapọ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere bóyá ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti ka ìwé eré kí ẹ tó yà á, àti iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti fèsì. Ọjọ́ 21 tó.

Adéeré

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n lọ́yà. Bí a bá yí orúkọ padà, tí a sọ pé ìtàn àròsọ ni ńkọ́?

Lọ́yàÌjẹ̀bú

Bí orúkọ bá yí tí itan tó fọ́, odò Kaladan, ọmọ Sierra Leone àti Mùsùlùmí onílé ṣì wà níbẹ̀, ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Ẹ ti pàdánù orúkọ tó níye lórí, ẹ ò sì bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ẹ lo orúkọ rẹ̀, ẹ lọ bá ẹbí.

Nọ́ọ̀sìẸgbá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti itan yẹn, nítorí òun ló máa wà lójú kámẹ́rà fún wákàtí kan gbáko.

Egungun itan ló tóbi jù nínú ara. Bí ó bá ṣẹ́, àwọn iṣan itan tó lágbára á máa fa orí egungun méjèèjì kọjá ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ náà fi ń kúrú. Àtẹ́lẹsẹ̀ á sì yí síta, bí ẹni pé ó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ilé ìwòsàn ogun, irin gígùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Thomas splint tí wọ́n fi ń fa ẹsẹ̀ náà tààrà. Nínú igbó kò sí. Nítorí náà òṣèré yín ò gbọ́dọ̀ na àtẹ́lẹsẹ̀ sókè gọ́ńgọ́ bí ẹni tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó tú u sílẹ̀, kó yí síta, ní gbogbo ìran.

Kò lè fi orúnkún rákò. Èyí ni àṣìṣe tí mo ń rí jù nínú fíìmù ogun. Ẹni tí itan rẹ̀ ṣẹ́ ń fi ìdí wọ́ ni: ó jókòó sẹ́yìn, ó gbọ́wọ́ méjèèjì lé ilẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ tó dá tì, ó sì fa èyí tó ṣẹ́ bí ẹrù. Ìwọ̀n mítà mẹ́wàá lè gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ jẹ́ kí a rí i lẹ́ẹ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgé e.

Ti ọgbẹ́: ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ àti wíwú. Ọjọ́ kẹrin sí ìkẹwàá, ọyún, òórùn, eṣinṣin, ìdin. Ìdin kì í ṣe òpin ayé o. Ẹran tó ti kú ló ń jẹ, ọgbẹ́ sì lè mọ́ sí i nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọgbẹ́ ò ní fẹ́ gbà. Onímekọ́ọ̀pù lè fi ìrẹsì sísè tó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìdin fún àwòrán tó jìnnà. Fún èyí tó súnmọ́, ẹ ra ìdin tí àwọn olùsìn ẹja ń lò. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹran pupa tó ń dán á máa hù láti etí wọ inú. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í so, ṣùgbọ́n á so ní wíwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló lè gbára lé ọ̀pá.

Ẹ tún ránti ìdí àti gìgísẹ̀: ẹni tó dùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀, awọ ibẹ̀ á bó. Itan tó ṣẹ́ á sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju èkejì lọ gan-an. Ẹ má gbìyànjú láti dín ti aláìsàn kù. Ẹ fi aṣọ dì í pinpin, kí ẹ sì fi fóòmù kún èkejì lábẹ́ ìró.

Irun ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù. Wíìgì mẹ́ta tó: oṣù kejì, oṣù karùn-ún, oṣù kẹsàn-án.

Tẹ́lọ̀Mushin

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ti aṣọ ni tèmi.

Ẹ má wọ kákí àti ṣòkòtò péńpé fún wọn wọ igbó Bọ́mà. Ti ilé nìyẹn, fún ìran ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà. Nínú igbó, aṣọ àwọ̀ ewé dúdú ni, apá gígùn, ṣòkòtò gígùn, fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n ká etí rẹ̀ kan sókè. Láti ìgbà tí aṣọ òṣèré kan ṣì mọ́ dé ìgbà tó máa já lára rẹ̀, ẹ rán mẹ́rin: tuntun, èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́, èyí tí òjò ti bó, èyí tó ti di àkísà. Ẹ fi òkúta àti búrọ́ọ̀ṣì irin ha orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti ìdí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tíì, ẹ sá a sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé e, ojú gígé á hàn.

Àmì Dífíṣọ̀n 81: aláǹtakùn dúdú lórí róbótó òféèfèé. Ànáńsì nìyẹn, ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn Àṣáńtì, bí Ìjàpá ṣe jẹ́ sí tiwa. Orí aláǹtakùn náà ń kọjú sísàlẹ̀ lápá, kó lè jẹ́ pé nígbà tí ṣọ́jà bá na ìbọn síwájú, aláǹtakùn náà ń lọ síwájú. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè nínú eré, kò dáa. Ẹ má sì fi àmì Dífíṣọ̀n 82 sí wọn lára. Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni tìyẹn.

Ẹrù orí wọn kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Dífíṣọ̀n yìí, orí ni wọ́n fi ń ru ohun ìjà àti oúnjẹ wọn gba orí òkè, tí bàálù sì ń ju èyí tó kù sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Bí ẹ bá fi fóòmù sínú àpótí, ọrùn òṣèré á tú yín fó. Ẹ fi kìlógíráàmù 15 sí i, kí wọ́n rìn ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó ní kí kámẹ́rà yí. Ọrùn á yanjú ara rẹ̀.

OníbọnEré

Kí n gba ibẹ̀ yẹn. AK-47 kò tíì sí láyé ní 1944. Lee-Enfield ni ìbọn àwọn ọmọ ogun wa, ọta 10 ló ń gbà. Ti Japan ni Arisaka, ọta 5. Méjèèjì, lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, kó fà á sẹ́yìn, kó tì í síwájú, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kọ́ àwọn òṣèré fún ọjọ́ méjì kí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n láìwò ó. Ẹni tó bá ń yìn tàtàtà pẹ̀lú Lee-Enfield, àgbàlagbà tó bá mọ̀ á pa tẹlifíṣọ̀n. Ìbọn tó lè yìn léraléra ni Bren, ẹyọ kan tàbí méjì tó fún ìkọlù yín. Ẹ má gbàgbé pé ilé ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọlù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀, báńdéèjì ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ìbọn rọ́bà ni kí ẹ lò, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe iná ẹnu rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ìjọba ìbílẹ̀ àti bárékè tó súnmọ́ yín, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú. Ẹ̀dà rẹ̀ tó ní òǹtẹ̀ ìgbàwé, kó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìbọn àti yunifọ́ọ̀mù ò gbọ́dọ̀ rin títì lára ènìyàn: inú àpótí títì pa ni wọ́n máa dé, ibẹ̀ ni wọ́n máa padà sí. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń dáko nítòsí lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí iya àgbà kan má baà sá wọ odò.

DókítàSinimá

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ nípa rírù. Nínú The Pianist, fíìmù 2002 lórí Władysław Szpilman, Júù atẹdùùrù tó yè nínú Warsaw lásìkò ogun Hitler, ìran ìgbà tó rù tán ni wọ́n kọ́kọ́ yà, òṣèré náà ti dín tó kìlò 13 kù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń sanra padà bí wọ́n ṣe ń lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé àtisanra rọrùn ju àtirù lọ láàárín iṣẹ́. Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sìẸgbá

Dókítà, mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n yíyà láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú dáa. Ṣùgbọ́n kìlò 13 lára ọmọkùnrin tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, lábẹ́ òjò ẹ̀rọ, níbi tí ẹ̀fọn wà? Ìdajì kìlò sí kìlò kan lọ́sẹ̀ ni kó máa dín kù, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó má kọjá kìlò 6. Ìyókù, ẹ yan ẹni tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ láti ilẹ̀, kí onímekọ́ọ̀pù fi òjìji sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, egungun àyà àti abẹ́ ojú, kí aṣọ tóbi jù ú ní nọ́ńbà méjì. Ìmọ́lẹ̀ láti òkè nìkan náà á ràn yín lọ́wọ́.

DókítàSinimá

Mo gbà. Kìlò 6 àti ìmọ́lẹ̀ òkè.

AwòGbó

Ti ilẹ̀ ló kàn. Ẹ ò lè lọ sí Kaladan. Ogun wà báyìí ní Rakhine, ìpínlẹ̀ tí odò náà wà, tí wọ́n ń pè ní Arakan nígbà náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Rohingya tó jẹ́ ènìyàn Shuyiman ni wọ́n sì lé wọ Bangladesh ní 2017. Ilé ni ẹ máa ti ṣe é.

Ọ̀tá yín nílé ni ọ̀pẹ. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé kámẹ́rà sókè ní Ògùn tàbí Oǹdó tí ọ̀pẹ ò ní yọjú, ẹni tó bá sì mọ Bọ́mà á mọ̀ pé irọ́ ni. Gbágùúdá náà bẹ́ẹ̀, kòkó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, máńgòrò, ọparun àti ìrẹsì kò ní ẹ̀sùn. Oko ìrẹsì wà ní Ọ̀fàdà, ó wà ní Ìgbẹmọ ní Èkìtì. Ẹ bá àgbẹ̀ dá oṣù tí ewé rẹ̀ dúdú, kí ẹ sì san owó ohun tí ẹsẹ̀ yín bá tẹ̀ pa.

Ọparun tiwa máa ń ṣù pọ̀ ní ìdí kan. Ti òkè Arakan ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ènìyàn lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ gé 200, gígùn mítà 6, ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan sí ara wọn níwájú kámẹ́rà, kí èyí tó ṣù wà lẹ́yìn nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ewé rẹ̀ á pọ́n, nítorí náà ẹ to àwọn ìran yẹn pọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọparun kan náà ni ẹ máa fi ṣe ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí àwọn olùtọ́jú aláìsàn fi ń sọ̀ kalẹ̀ lójú odò. Ọ̀pá 20 tó yi, ìpele méjì, á gbé ènìyàn mẹ́ta. Ẹ dán an wò pẹ̀lú àpò yanrìn, kí olùwẹ̀ méjì wà létí omi.

Màlúù Fúlàní oníwo gígùn kò gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn. Adìyẹ àti ewúrẹ́ ni.

Òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò tiwa. Etíkun Arakan ń gba ju mìlímítà 4,000 lọ lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá. Ó túmọ̀ sí pé nínú oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ òjò. Ẹ má dúró de òjò Ọlọ́run, kì í tẹ̀ lé ìwé eré. Táńkà omi lítà 10,000, ẹ̀rọ tó ń tu lítà 300 níṣẹ̀ẹ́jú: kò ní pé ìṣẹ́jú 35 tí á fi gbẹ. Nítorí náà ẹ ṣe ìdánrawò gbígbẹ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n tán. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn òjò. Bí ó bá wà níwájú, kámẹ́rà ò ní rí nǹkan kan. Ohùn tí ẹ bá gbà lábẹ́ rẹ̀ ò ní wúlò, ẹ kọ ọjọ́ méjì sílẹ̀ fún títún ohùn gbà ní sítúdíò. Omi náà kó jẹ́ èyí tó mọ́, nítorí ẹnu àti ojú òṣèré ló ń wọ̀.

ỌmọỌ̀ghọ̀

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìyá Fadoyebo ò gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá Ọ̀yọ́. Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, Ọ̀ghọ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Ohùn “gh” yẹn wà lẹ́nu wọn, fáwẹ̀lì “u” sì ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tí àjùmọ̀lò ti ń lo “i”. Ẹ gba ìyá àgbà kan láti agbègbè Emùré gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ohùn, kí ẹ san owó fún un bí ẹ ṣe ń san fún onímekọ́ọ̀pù. Kó ka gbogbo gbólóhùn ilé sínú fóònù, kí òṣèré máa gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìtumọ̀ lójú fíìmù á wà fún àwa yòókù.

Láàárín Isaac àti David, Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ ni. Nǹkan dídùn kan wà níbẹ̀: “kushe” tí àwọn Kírìó Sierra Leone fi ń kíni, “ẹ kú iṣẹ́” tiwa ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Kí ẹni méjì tó fara gbọta gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn, kí ọ̀kan yíjú sí èkejì. Kò nílò àlàyé.

Ti Shuyiman: Rohingya ni wọ́n ń sọ, ó súnmọ́ èdè Chittagong. Ẹ má fi èdè Bọ́mà sí i lẹ́nu, inú wọn ò ní dùn sí i rárá, ìtàn wọn sì wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn Rohingya tó wà lókè òkun ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún òǹwòran. Kí àwa náà má gbọ́ ọ, bí Isaac ò ṣe gbọ́ ọ. Láti bí oṣù kẹrin, ẹ máa túmọ̀ díẹ̀díẹ̀.

ÌwéÀtijọ́

Fún ẹni tó fẹ́ wá àrídájú: ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Bọ́mà wà ní ibi ìkówèéṣúra ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, lábẹ́ nọ́ńbà àkójọ WO 172. Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní fọ́tò àti fíìmù Dífíṣọ̀n 81; ẹ wò ó fún aṣọ, ìrìn àti ẹrù orí, ṣùgbọ́n ẹ má gé e mọ́ fíìmù yín láìgba ìwé. Ti ọ̀rọ̀ ìjọba nílé, ibi ìkówèéṣúra orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn, nínú ọgbà yunifásítì. Orúkọ àwọn tó kú wà lórí ẹ̀rọ Commonwealth War Graves Commission lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ àwọn tí a ò rí sàárè wọn wà lára àwọn òpó ìrántí ní Taukkyan, nítòsí Yangon ní Bọ́mà. Bí ẹ bá fẹ́ to orúkọ sí ìparí fíìmù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe rí i, àti àṣìṣe òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nínú orúkọ Yorùbá, kí ẹ sì fi èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌyáPọ́ọ̀pù

Ilé ní 1942 àti 1945 ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń gbàgbé. Kò sí náírà. 1973 ló dé. Pọ́n-ùn, ṣílè, sísì, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ ni, kọ́bọ̀ sì ní ihò láàárín. Àwọn tó ń ta owó àtijọ́ lè yá yín ní ogún ẹyọ, kò ju bẹ́ẹ̀ tí kámẹ́rà máa rí. Kò sí ike: igbá, abọ́ tánganran, ìkòkò amọ̀, àgò. Iyọ̀ wọ́n lásìkò ogun, nítorí náà ìyá tó bá bu iyọ̀ síbi ọbẹ̀, ìka méjì ni kó fi bù ú, kó gbọn èyí tó lẹ̀ mọ́ ìka padà sínú ìgò.

Ọkọ̀ tó gbé e padà wálé, apá òsì títì ló gbọ́dọ̀ gbà. Oṣù kẹrin 1972 la tó bọ́ sápá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ nínú fíìmù yín, kí awakọ̀ ti fi í dánra wò láàárọ̀, nítorí ọwọ́ á fẹ́ fà á sí ibi tó mọ̀.

Òpó iná, dísìì, ẹ̀rọ oòrùn orí òrùlé àti òpó tẹlifóònù, ẹ rìn yí ká ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ẹ ka iye wọn. Bí ó bá ju mẹ́ta lọ nínú àwòrán kan, wá ibòmíràn. Owó tí ẹ máa fi nù wọ́n kúrò nínú àwòrán á ju owó epo ọkọ̀ lọ.

Adéeré

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Ojú ewé 17 tó kẹ́yìn, tó ti dàgbà, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ìjọba lójoojúmọ́: òṣèré wa ń tiro, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, lọ́jọ́ kejì lẹ́sẹ̀ òsì. Báwo la ṣe máa dá a dúró?

Nọ́ọ̀sìẸgbá

Ẹ má jẹ́ kó ṣe é bí ẹni tó ń ṣeré. Ẹ bá ṣọmákà sọ̀rọ̀, kó fi awọ tó ki tó sẹ̀ǹtímítà 2 sínú bàtà ẹsẹ̀ tó dá, láti gìgísẹ̀ dé orí ìka, kó má fi nǹkan kan sí ti èkejì. Ẹsẹ̀ tó dá á gùn ju èkejì lọ lóòótọ́, ìbàdí á sì máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan láì jẹ́ pé ó ronú sí i. Kó wọ̀ ọ́ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí méjì lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀yìn má baà dùn ún. Fún ìran tó wà láìwọ bàtà, ẹ lẹ sílíkóònì tó ki bákan náà mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kan náà, kí kámẹ́rà má lọ sísàlẹ̀ ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ.

Ìwé ló máa sọ ẹsẹ̀ tí ọta bà fún yín. Kí ẹni tó ń ṣọ́ continuity (pé kí ohun gbogbo bára mu láti ìran kan dé èkejì) kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé kìíní ìwé eré, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sí inú bàtà náà.